Lẹ́tà Ìjọba Dé Nígbà Tí Ilé Ti Dé Líńtẹ́ẹ̀lì: Ṣé Dandan Ni Kí N Tẹ̀lé E?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọngílá ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan gbé iṣẹ́ fún wa: ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́fà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga ẹ̀rọ. A ti gba owó mobilization tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ògiri ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a sì ti béèrè owó kejì. Ni lẹ́tà kan bá dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ kí a máa fi ìjábọ̀ àti fọ́tò ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a ṣe ètò iṣẹ́ sórí sọfítíwia kan tó ń jẹ́ Primavera, kí a ní ìwé tí a ń kọ ewu iṣẹ́ sí, kí a gba project manager tó ní ìwé ẹ̀rí PMP, kí èmi fúnra mi sì máa wá sípàdé ní Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní bí a kò bá ṣe é, àwọn kò ní fọwọ́ sí sátífíkéètì owó wa. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní sáìtì títí wọn yóò fi sanwó. Òmíràn ní kí n dákẹ́, kí n máa ṣe é lọ, pé ìjọba kì í gbàgbé ẹni tó bá gbọ́ràn. Èwo ni kí n ṣe?"

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, kò sí èyí tí mo lè bá yín fọwọ́ sí. Èyí tó ní kí ẹ kó òṣìṣẹ́ kúrò lè sọ yín di ẹni tó pa iṣẹ́ tì. Èyí tó ní kí ẹ máa ṣe é lọ láìsọ̀rọ̀ yóò mú kí ẹ fi owó ara yín ṣiṣẹ́ ìjọba, n kò sì tíì rí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó gbọ́ràn sí. Lẹ́tà ni ẹ ó fi dá lẹ́tà lóhùn, ẹ ò sì ní jẹ́ kó pẹ́.

Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe Primavera ló ká yín lára. Ohun tó ń dùn yín ni pé wọ́n há owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán mọ́wọ́ nítorí ohun tí kò sí nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣírò iye tí ẹ fi gba iṣẹ́ náà. Ẹ ti ra irin àti sìmẹ́ǹtì, ó ṣeé ṣe kí ẹ jẹ ẹni tó ń ta bùlọ́ọ̀kù lówó, àwọn bíríkìlà sì ń wojú yín lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra níbẹ̀, ó sì yẹ ká tú wọn. Ọ̀kan ni bóyá ìjọba lè béèrè àwọn nǹkan tuntun yìí, àti ẹni tí yóò sanwó wọn. Èkejì ni bóyá wọ́n lè torí ìyẹn dá owó iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ dúró. Ẹ lè jàre nínú ọ̀kan kí ẹ sì jẹ̀bi nínú èkejì.

Ọ̀pọ̀ kọngílá ló gbà pé tí a bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára káká ni ẹ fi máa rí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ilé ìjọba tí kò ní ẹsẹ̀ tó fún ẹni tó ni iṣẹ́ láyè láti fi kún un, dín in kù tàbí yí i padà. Variation la ń pè é ní sáìtì. Ṣùgbọ́n àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn, iye owó àti àkókò ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹni tó gbé aṣọ fún télọ̀ pé kó bá òun rán bùbá àti ṣòkòtò. Bó bá padà wá pé kí wọ́n sún àpò bùbá náà sókè díẹ̀, télọ̀ kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n fi agbádá kún un, owó ìránṣọ yí padà nìyẹn, ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde náà yí padà. Ohun tó wà níwájú yín ni kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ àpò àti èyí tó jẹ́ agbádá nínú nǹkan márùn-ún tí wọ́n béèrè.

Ẹ gbé BQ yín jáde, ìwé tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ àti iye owó wọn sí, kí ẹ ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Preliminaries. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. A máa ń sáré lọ síbi tí bùlọ́ọ̀kù àti kọnkéré wà, a ó wá ju iye kan sí Preliminaries, tàbí ká kọ "included" síwájú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé kọngílá gbọ́dọ̀ mú ètò iṣẹ́ wá, pé yóò máa jábọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, pé yóò máa wà ní ìpàdé sáìtì, pé ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n ni yóò dúró ti iṣẹ́. Bí ẹ bá ti kọ "included" síwájú wọn, ẹ ti sọ fún ìjọba pé owó wọn ti wà nínú owó yín. Bó bá jẹ́ àdéhùn FIDIC (àjọ àgbáyé àwọn ẹnjiníà agbaninímọ̀ràn) ti ọdún 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Book, ni wọ́n lò, ẹsẹ̀ 8.3 ti béèrè ètò iṣẹ́, ẹsẹ̀ 4.21 sì ti béèrè ìjábọ̀ oṣooṣù, tòun ti fọ́tò. Láìka àdéhùn sí, National Building Code ti ọdún 2006 ti ka ètò iṣẹ́, ètò bí iṣẹ́ yóò ṣe jẹ́ ojúlówó àti ètò ààbò òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn ìwé tó yẹ kó wà fún ilé kíkọ́. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ló jẹ́ tuntun. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn yóò fi ẹyọ kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn yín, yóò sì fi ìyẹn gbá ìyókù dànù.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ̀ wọ́n wò. Ètò iṣẹ́ kì í ṣe tuntun. Kó jẹ́ Primavera ló jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ bí ilé ìfọpo àti afárá ńlá ni sọfítíwia yẹn bá mu, ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́fà kò nílò rẹ̀, kódà ẹni tó kọ lẹ́tà náà lè má tíì ṣí i rí. Ẹ ṣe bar chart tó mọ́, àtẹ tó ń fi ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí hàn, sórí Excel, tàbí sórí ProjectLibre tí ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún, tó sì ń ṣí fáìlì Microsoft Project. Ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sí i pé bí wọ́n bá ta kú pé Primavera ni àwọn fẹ́, iye tí yóò ná àwọn nìyí. Ìjábọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti oṣooṣù lọ, ṣùgbọ́n fọ́mánù tó ní fóònù lè dúró síbì kan náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó ya fọ́tò, kó sì kọ ojú ìwé kan. Bí wọn kò bá tilẹ̀ béèrè rẹ̀, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ máa ṣe é. Lọ́jọ́ tí òjò bá dá yín dúró, tàbí tí alábòójútó bá pẹ́ kó tó wá wo irin kí ẹ lè da kọnkéré, fọ́tò tó ní ọjọ́ lára ni ẹ ó fi béèrè àfikún àkókò. Ìwé ewu náà kò ju ojú ìwé kan lọ: òjò, sìmẹ́ǹtì tó ń gbówó lórí, omi tó lè ṣàìsí níbi tí ẹ ń gbẹ́ kànga sí, owó ìjọba tó ń pẹ́. Ẹ kọ ẹyọ ìkẹyìn yẹn síbẹ̀ gbangba. Àwọn ni wọ́n ní kí ẹ kọ ewu.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé yàtọ̀. Ìpàdé sáìtì ló máa ń wà nínú àdéhùn, ti Ìbàdàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Sẹkitéríàtì Àgodi, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì ti lọ nìyẹn, epo ọkọ̀ ò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ìyókù wà lórí Zoom tàbí WhatsApp. Ohun tí ó tún dára jù ni pé kí wọ́n wá ṣe é ní sáìtì, níbi tí ojú wọn yóò ti rí ohun tí wọ́n ń béèrè ìjábọ̀ lé lórí.

PMP ni agbádá náà gan-an. Ìwé ẹ̀rí Project Management Institute ti Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó ní dìgírì gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36, ẹni tí kò ní in oṣù 60, kí onítọ̀hún sì ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35, kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò tí wọ́n ń fi dọ́là sanwó rẹ̀. Ẹ ò lè rán fọ́mánù lọ gbà á kí ilé náà tó parí. Ẹ lè rí ẹni tó ní in láàárín àwọn olùkọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi kíláàsì sílẹ̀ wá dúró nídìí ògiri yín. Bí àdéhùn bá sọ pé ẹni tó kàwé tó sì nírìírí, ẹ fi orúkọ ẹnjiníà tó ní ìwé COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀) tàbí kọ́lékọ́lé tó ní ti CORBON (àjọ tiwọn) sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n gba ìyẹn dípò. Òfin ilẹ̀ wa ló gbé àwọn àjọ méjèèjì kalẹ̀, ó sì ṣòro fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti kọ̀wé pé wọn kò tó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ sọ pé oní-PMP yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹ sì fi iye owó rẹ̀ síwájú wọn.

Kí ló ń mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde? Iṣẹ́ quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò iye iṣẹ́ àti owó ilé kíkọ́, ni mo ń ṣe, mo ti ṣe é lábẹ́ ìjọba kí n tó máa bá àwọn kọngílá ṣe é, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n. Nígbà mìíràn, ọ̀dítọ̀ ló béèrè fáìlì iṣẹ́ kan, wọn kò rí ju sátífíkéètì àti ìwé owó lọ, ni ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí gbogbo kọngílá máa jábọ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀gá tuntun dé, ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun yàtọ̀ sí ti ẹni tó lọ. Ilé kan lè ti wó níbòmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ owó náà. Nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, òfin UBEC (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀) ti ọdún 2004 ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìdajì kalẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó gbé ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó gbé ìdajì kejì wá yóò sì fẹ́ mọ ibi tí owó wọlé sí. Báǹkì Àgbáyé náà ní ìlànà àyíká àti àwùjọ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjábọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí kan tún wà tí a kì í sọ síta: owó lè má sí nílẹ̀, kí lẹ́tà sì ra àkókò fún wọn.

Ẹ fara balẹ̀ wádìí èyí tó jẹ́ tiyín, nítorí ìdí tó mú lẹ́tà jáde ló ń sọ ibi tí wọ́n lè tẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ ọ̀dítọ̀, ìwé tí wọn yóò fi sínú fáìlì ni wọ́n ń wá, fọ́ọ̀mù kékeré tí ẹ ń kún déédéé yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ẹni tó gbé owó wá láti òkè, alábòójútó yín kò lágbára láti dín in kù, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìnáwó fún ìjábọ̀ nínú, ẹ lè béèrè kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tó pa á láṣẹ hàn yín. Bó bá sì jẹ́ pé owó ni kò sí, ẹ tètè ṣe èyí tó rọrùn nínú wọn, kí wọ́n má bàa rí àwáwí kankan mú.

Ẹ tún wo ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Bó bá jẹ́ akọ̀wé àgbà, tàbí ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn lórúkọ ìjọba, ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ alábòójútó tàbí ọ̀gá ẹ̀ka kan, ó lè lágbára láti sọ fún yín bí iṣẹ́ yóò ṣe rí, àmọ́ kó má lágbára láti yí àdéhùn padà. Ẹ bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ nínú ìwé pé abẹ́ ẹsẹ̀ wo nínú àdéhùn ni àṣẹ náà wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ "gbọ́dọ̀" di "a máa dúpẹ́ bí ẹ bá lè" lójú mi. Èyí tí wọ́n bá sì fẹnu sọ ní sáìtì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì pé báyìí lẹ wí.

Ní ti àfikún owó, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò sáré fọwọ́ sí i, kì í sì í ṣe ìkà ló ń fà á. Òfin ICPC (àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́) ti ọdún 2000, ní abala 22, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta bó bá fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò sí nínú ìnáwó, tí wọn kò fọwọ́ sí, tí owó rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní fọwọ́ lásán kọ̀wé pé òun gbà láti fi owó kún un. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè àdínkù, lẹ́yìn rẹ̀ àfikún àkókò, kí owó kẹ́yìn. Àdínkù kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Àkókò náà kò ní í ná wọn lówó, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ owó ìtanràn ìdádúró.

Ó ku owó tó wà nílẹ̀. Iye iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ ni sátífíkéètì ń sọ. Ògiri ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, yálà ẹ kọ ìjábọ̀ tàbí ẹ kò kọ ọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: nínú FIDIC 1999 tí mo dárúkọ, ẹsẹ̀ 14.3 sọ pé ìjábọ̀ oṣù náà gbọ́dọ̀ bá ìbéèrè owó rìn. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì fi sí i, wọ́n jàre níbẹ̀; ẹ ṣe é kíá kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí àdéhùn yín kò bá so ìjábọ̀ mọ́ owó, ẹ kọ ọ́ síwájú wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ ó jọ wọn iṣẹ́. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé òfin ríra ọjà ìjọba ti ọdún 2007 ti ní owó tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 60 lọ gbọ́dọ̀ ní èlé. Òótọ́ ni, abala 37 ni, ní iye èlé tí àdéhùn bá kọ. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni òfin náà wà fún, pẹ̀lú àwọn tó ń rí ó kéré tán ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn láti àpò rẹ̀. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀, ẹ má fi òfin Àbújá halẹ̀ mọ́ wọn ní Àgodi. Ẹ wo àyè tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n kọ iye èlé sí nínú àdéhùn yín. Mo ti rí i tó ṣófo láìmọye ìgbà, kọngílá sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn kí ẹ dá iṣẹ́ dúró ló léwu jù. Bí ẹ kò bá ní ẹsẹ̀ tó gbà yín láyè láti dáwọ́ dúró nítorí owó, tí ẹ kò sì tíì fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ bó ṣe ní kí ẹ fún wọn, wọ́n lè kọ̀wé pé ẹ pa iṣẹ́ tì, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì lọ sí báǹkì lọ fi ìwé tí báǹkì fi ṣe onídùúró yín gbowó. Láti ọjọ́ yẹn, ẹjọ́ Primavera ti parí, tiyín ló kù. Ẹ lè dín òṣìṣẹ́ kù bí agbára yín bá ṣe mọ, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìjábọ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bá sáìtì yín ní títì. Dídákẹ́ náà kò dára. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: FIDIC 1999, lẹ́sẹ̀ 20.1, fún kọngílá ní ọjọ́ 28 láti fi ìwé sọ pé ohun kan yóò ná òun ní owó tàbí àkókò. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ̀tọ́ náà kọjá. Àdéhùn tiyín lè ní iye ọjọ́ mìíràn, ẹ wò ó lónìí.

Lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ní ìbínú nínú. Ẹ sọ pé ẹ ti rí tiwọn gbà, ẹ sọ èyí tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí láìgba owó, ẹ sọ èyí tí kò sí nínú àdéhùn àti ohun tí ẹ fẹ́ fi dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye tí yóò ná bí wọn kò bá gbà: owó oṣù ẹni tí ẹ ó gbà, epo Ìbàdàn, dátà, iye oṣù tó kù. Ẹ fi ojúlówó iye sí i. Ẹni tó bá fọn owó náà jù yóò sọ gbogbo ìyókù lẹ́tà rẹ̀ di irọ́ lójú wọn. Ẹ parí rẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, àti pé ẹ kò tíì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín sí owó àti àkókò. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín. Ẹnì kan lè pè yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé òun mọ bí àwọn ṣe máa ń yanjú rẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa lọ sílé. Ohun tí ẹ bá san fún un lónìí kò ní òǹtẹ̀.

Mi ò rí ìwé àdéhùn yín, nítorí náà ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ lè yí díẹ̀ nínú ohun tí mo sọ padà. Ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì náà kì í sì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé ìwé. Mo ti rí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tó mọ́ kedere tí owó rẹ̀ sì pẹ́ ju ti ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ iye tí ẹ lè gbé mì nítorí ìyẹn, èmi ò ní bá yín dá ẹjọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, Arbitration and Mediation Act ti ọdún 2023 wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn dá sí i láìdé ilé ẹjọ́, bí àdéhùn bá ti fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ sọ iye tirẹ̀. Bí owó àfikún náà kò bá tó iye yẹn, ẹ kó lẹ́tà olóǹtẹ̀ àti fọ́tò ọjọ́ Jímọ̀ yín pamọ́ sínú fáìlì kan, kí ẹ parí ilé náà, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó ṣe final account, ìṣirò owó ìkẹyìn lórí iṣẹ́ náà.